Orí Kẹfà: Ìtẹ̀sẹ̀ Àtẹ̀gùn Olókùúta Àlẹ̀pọ̀, Onímú Róbótó

Láti ìgbà tí wọ́n ti parí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ní Àgbádárìgì ní ọdún 1845, tí àwọn bíríkìlà àti káfíńtà Àgùdà tí wọ́n ti Bùràsílì padà wálé sì ti fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn sọ ìgboro Èkó di àwòyanu, ni àtẹ̀gùn ti di ohun tí tọmọdé tàgbà ń tẹ̀ lójoojúmọ́ láìwo ilẹ̀. Ẹni tí ń rìn lójú títì a máa wo ọ̀tún, a máa wo òsì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ti òkè ilé rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lóru, tí iná ti lọ, tí ó pọn ọmọ tàbí tí ó gbé àwo oúnjẹ lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó fi ń ríran. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí oníṣẹ́ tí ó bá ṣí orí yìí mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹsẹ̀ ló ni àtẹ̀gùn, ojú kọ́ ló ni ín. Gbogbo ìwọ̀n tí a ó wọ̀n, gbogbo òkúta tí a ó gé, gbogbo gọ́ọ̀mù tí a ó pò, ẹsẹ̀ àgbàlagbà tí ń sọ̀kalẹ̀ ni yóò ṣe onídàájọ́ wọn. Ẹwà yóò tẹ̀lé e, nítorí òkúta tí a bá ṣe dáradára kì í ṣàì lẹ́wà.

Ohun tí a ń pè ní òkúta àlẹ̀pọ̀ kò ṣòro láti yé ni. Sílábù òkúta tí ó wọ́pọ̀ lọ́jà, sẹ̀ǹtímítà 2 ni ó nípọn, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá tẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ sórí àtẹ̀gùn, imú rẹ̀ a rí tẹ́ẹ́rẹ́, a sì tètè ṣẹ́ níbi tí bàtà bá ti ń gbá a. Sílábù oní-sẹ̀ǹtímítà 3 wà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀, ìwúwo rẹ̀ sì ju ti ìkíní lọ ní ìdajì. Ọgbọ́n tí àwọn oníṣẹ́ wá dá ni pé kí a gé ọ̀já òkúta tẹ́ẹ́rẹ́ lára sílábù kan náà, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ etí iwájú, kí imú àtẹ̀gùn lè di sẹ̀ǹtímítà 4, kí a wá fá a títí yóò fi róbótó. Nínú orí yìí, ìtẹ̀sẹ̀ ni òkúta tí ẹsẹ̀ ń bà lé. Ìdúró ni èyí tí ó dúró lóòró láàárín ìtẹ̀sẹ̀ kan àti èkejì. Imú sì ni etí ìtẹ̀sẹ̀ tí ó yọ síwájú kọjá ìdúró.

Ìwọ̀n àtẹ̀gùn

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ sílábù kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kí ó ti wọn àtẹ̀gùn náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí ó má sì ṣe wọn kọnkéré nìkan. Ibi tí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ yóò parí sí lẹ́yìn tí a bá ti tẹ́ táìsì rẹ̀, dé ibi tí ilẹ̀ òkè yóò parí sí lẹ́yìn tí a bá ti tẹ́ tirẹ̀ náà, ni kí ó wọ̀n, kí ó sì pín in sí iye ìdúró tí ó wà níbẹ̀. Bí gíga náà bá jẹ́ mítà 3, tí ìdúró sì jẹ́ 18, ìdúró kọ̀ọ̀kan yóò tó sẹ̀ǹtímítà 16.7. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni ayàwòrán-ilé ará Faransé kan tí ń jẹ́ François Blondel ti fi òfin kan lélẹ̀ tí àwọn ayàwòrán-ilé ṣì ń lò títí di òní: kí a mú gíga ìdúró lọ́nà méjì, kí a fi fífẹ̀ ìtẹ̀sẹ̀ kún un, kí àròpọ̀ wọn sì bá ìwọ̀n ìgbésẹ̀ ènìyàn mu. Lóde òní, àròpọ̀ náà a máa wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 60 sí 65. Lórí àtẹ̀gùn tiwa yìí, 16.7 lọ́nà méjì jẹ́ 33.4, bí ìtẹ̀sẹ̀ bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 28 láti imú kan dé imú èkejì, ó di 61.4, ara yóò sì gbà á.

Ohun tí ń gbé ènìyàn ṣubú lórí àtẹ̀gùn kì í sábà jẹ́ gíga rẹ̀. Àìdọ́gba rẹ̀ ni. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti tẹ ìpele méjì tàbí mẹ́ta, ó ti mọ gíga wọn, kò tún bi ojú léèrè mọ́. Bí ìpele kẹrin bá wá ga ju àwọn ìyókù lọ, ìka ẹsẹ̀ a kọ ọ́. Bí ó bá sì jẹ́ sísọ̀kalẹ̀ ni ẹni náà ń sọ̀kalẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ a wá ilẹ̀ tì. Òfin ilé kíkọ́ tí wọ́n ń lò ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà kò gbà kí ìdúró tí ó ga jù àti èyí tí ó kúrú jù lórí àtẹ̀gùn kan náà fi ju mìlímítà 9.5 yàtọ̀ síra. Ìwọ̀n kékeré nìyẹn, kò tó ìbú ìka ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àtẹ̀gùn ìlú wa kò sì pa á mọ́.

Ibi tí àṣìṣe náà ti ń wọlé jù ni ìpele àkọ́kọ́ àti ìpele ìkẹyìn. Ẹ jẹ́ kí a ní bíríkìlà da kọnkéré rẹ̀ tí gbogbo ìdúró dọ́gba. Onítáìsì wá tẹ́ ilẹ̀ ìsàlẹ̀ àti ti òkè, ìtẹ́, ìyẹn sìmẹ́ǹtì tí a ń tẹ́ sábẹ́, àti táìsì rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4. Oníṣẹ́ òkúta náà wá tẹ́ àtẹ̀gùn, ìtẹ́ rẹ̀ jẹ́ 3, òkúta rẹ̀ jẹ́ 2, ó di 5. Lójú ẹsẹ̀, ìdúró àkọ́kọ́ ti fi sẹ̀ǹtímítà kan ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ti ìkẹyìn sì ti fi sẹ̀ǹtímítà kan kúrú sí wọn, láìsí ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ibi kankan. Nítorí èyí, kí oníṣẹ́ òkúta àti onítáìsì jókòó sọ̀rọ̀ kí èyíkéyìí nínú wọn tó po sìmẹ́ǹtì. Bí kọnkéré fúnra rẹ̀ bá sì rí gẹ́gẹ̀gẹ̀, kí a gbẹ́ ibi tí ó ga, kí a kún ibi tí ó lọ sílẹ̀, kí ó sì gbẹ, nítorí pé àtúnṣe tí a bá fi ìtẹ́ tí ó nípọn jù ṣe lábẹ́ òkúta, sísunkì ni yóò sunkì tí yóò sì fi àlàfo sílẹ̀.

Nísinsìnyí a lè mọ ìwọ̀n òkúta. Ìtẹ̀sẹ̀ wa fẹ̀ ní 28 láti imú dé imú. Imú yóò yọ síwájú ìdúró ní sẹ̀ǹtímítà 2.5, òkúta ìdúró tí ń bọ̀ lókè, tí òun náà nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 2, yóò sì dúró lórí ẹ̀yìn ìtẹ̀sẹ̀ náà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 32.5, ìyẹn ni a ó gé. Ọ̀já abẹ́ imú yóò fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4.5, kí ó lè bo 2.5 tí ó yọ síta àti 2 tí orí ìdúró gbà. Kí ó má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó má baà kọ lu kọnkéré lẹ́yìn. Òkúta ìdúró kò ní ga tó 16.7, nítorí imú ti jẹ 4 nínú rẹ̀. Ó ku 12.7, a ó sì tún yọ mìlímítà 2 fún ojú ìpàdé wọn, kí a gé e ní 12.5. Kí a wọn gígùn ìpele kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, níwájú àti lẹ́yìn, nítorí pé ògiri ilé wa kì í sábà gún régé. Kí a sì kọ nọ́ńbà sí abẹ́ òkúta kọ̀ọ̀kan. Ìtẹ̀sẹ̀ tí ó gùn ní mítà 1.2, pẹ̀lú ọ̀já rẹ̀, yóò wọ̀n tó kílò 24, nítorí náà ènìyàn méjì ni kí ó máa gbé e, ní ìdúró lóòró, kí ó má baà fi ìwúwo ara rẹ̀ kán láàárín.

Òkúta tí a ó yàn

Òkúta ju òkúta lọ. Àwọn baba wa mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ wọn. Ní Ifẹ̀ Oòyè, níbi tí ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, Ọ̀pá Ọ̀rányàn dúró gbọn-in ní ohun tí ó ju mítà 5 lọ, ó fi ìṣó irin ṣe ọ̀ṣọ́ sára, akọ òkúta sì ni. Ṣùgbọ́n ní Èsìẹ́, níbi tí wọ́n ti bá ère òkúta tí ó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, òkúta rírọ̀ ni àwọn agbẹ́re ìgbà náà yàn, nítorí ojú, imú àti irun dídì ni wọ́n fẹ́ fín sí i. Oníkálukú wọn ló fi òkúta ṣe ohun tí òkúta náà lè gbà. Àtẹ̀gùn ń fẹ́ èyí tí ó le.

Nínú òkúta tí ó wà lọ́jà wa, akọ òkúta tí wọ́n ń pè ní gúráníìtì ni ó dára jù fún ìtẹ̀sẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ̀, ìbáà jẹ́ èyí tí ó ti India, China tàbí Bùràsílì wá, ìbáà jẹ́ ti ilẹ̀ wa, nítorí pé irú òkúta tí ó gbé Olúmọ ró ní Abẹ́òkúta, tí ó sì fi òkè yí Ìdànrè ká, kì í ṣe ohun tí bàtà lè jẹ tán lọ́jọ́ kan. Mábù lẹ́wà, èyí tí wọ́n ń wà ní Ìgbẹ́tì ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ a sì máa funfun nini; ṣùgbọ́n mábù rọ̀ ju akọ òkúta lọ, ohun kíkan sì jẹ́ ọ̀tá rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì nípa èyí tí ọlọ́jà gbé fún un, kí ó fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí ẹ̀yìn òkúta náà níbi tí ojú kò ní rí: bí ojú ibẹ̀ bá ṣá tàbí bí ó bá ru fùkẹ̀fùkẹ̀, ìdílé mábù ni; bí kò bá ṣe nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ akọ òkúta.

Kí a tún bu omi sí ojú sílábù, kí a sì dúró wò ó bí ó ti ń gbẹ. Ibi tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bá ṣì tutù lẹ́yìn tí ìyókù ti gbẹ, ìlà sísán ni, kí a má ṣe jẹ́ kí ó bọ́ sí imú àtẹ̀gùn. Kí a fi orí òòlù kékeré kàn án: èyí tí kò sán yóò dún ketekete, èyí tí ó ti sán nínú yóò dún bòkọ̀bòkọ̀. Ọ̀já tí a ó lẹ̀ mọ́ ìtẹ̀sẹ̀ kan, kí a gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ̀sẹ̀ náà gan-an, kí a má ṣe gé e ní ìkángun sílábù mìíràn, kí àwọ̀ àti ìlà ara òkúta lè bá ara wọn lọ. Ẹni tí ó bá ń ṣahun owó òkúta níhìn-ín, tí ó ń ṣa àjákù láti fi ṣe ọ̀já, ojú ìlẹ̀pọ̀ rẹ̀ yóò máa hàn títí ilé yóò fi gbó.

Gígé, àti ọ̀rọ̀ eruku

Abẹ dáyámọ́ńdì tí etí rẹ̀ kò ní eyín ni ó ń gé òkúta láìfà á ya. Kí a tẹ́ sílábù sórí pákó tí ó gún láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Kí a fa ìlà. Kí a má fi agbára ti ẹ̀rọ, kí a jẹ́ kí abẹ fúnra rẹ̀ jẹ òkúta náà wọlé. Èyí kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀, ọwọ́ ni yóò kọ́ ọ.

Ohun tí ó nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀ ni eruku, a ó sì sọ ọ́ láìfi bò. Akọ òkúta ní èròjà kan nínú tí wọ́n ń pè ní silica. Bí a bá gé e ní gbígbẹ, eruku tí ó kúná tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i ni ó ń bá èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ibẹ̀ ni ó ń dá àpá sí díẹ̀díẹ̀, títí ẹ̀dọ̀fóró yóò fi le tí kò sì ní lè gba afẹ́fẹ́ mọ́. Silicosis ni orúkọ àrùn náà. Kò ní ìwòsàn, ó ń ṣí ilẹ̀kùn fún ikọ́ ife, ó sì lè farapamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó yọjú, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń gé òkúta nígbà náà bá ti di baba ọmọ. Nítorí irú eruku yìí ni ìjọba Ọsirélíà fi fòfin de òkúta àtọwọ́dá, tí silica inú rẹ̀ pọ̀ ju ti akọ òkúta lọ, láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2024. Ó ń dùn wá púpọ̀ bí a bá ń rí àwọn ọmọ iṣẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà tí eruku funfun bò láti orí dé ẹsẹ̀, tí wọ́n fi aṣọ lásán di imú. Aṣọ kò lè dá eruku yìí dúró. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù: kí omi máa ṣàn sórí abẹ ní gbogbo ìgbà tí ó bá ń yí, kí oníṣẹ́ lo ìbòmú tí a ṣe fún eruku kíkúná, tí ó lẹ̀ mọ́ ojú yípo, kí a sì fi omi fọ ilẹ̀ ibi iṣẹ́ dípò kí a fi ìgbálẹ̀ gbá a ní gbígbẹ. Ọ̀gá tí kò bá ra ìbòmú fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, kò yẹ kí òbí kankan fi ọmọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Níwọ̀n bí omi àti iná mànàmáná kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́, kí okùn iná máa gba òkè kọjá, kí ó má gba inú omi, kí ohun èlò tí ń já iná fúnra rẹ̀ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sì wà níbi tí iná ti ń wá.

Lílẹ̀ ọ̀já mọ́ ìtẹ̀sẹ̀

Ibí ni ìgbẹ́kẹ̀lé gbogbo iṣẹ́ náà wà, bẹ́ẹ̀ sì ni ojú ẹnikẹ́ni kò ní rí i mọ́ lẹ́yìn ọ̀la. Gọ́ọ̀mù kì í di ojú dídán mú. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀: ojú dídán ọ̀já kò gbọdọ̀ kọjú sí gọ́ọ̀mù, ẹ̀yìn ọ̀já tí kò dán ni kí ó pàdé ẹ̀yìn ìtẹ̀sẹ̀ tí òun náà kò dán, kí ojú dídán ọ̀já sì kọjú sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ sílábù tí ń ti òkè òkun wá ní àwọ̀n kan tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn wọn kí wọ́n má baà fọ́ lójú ọ̀nà. Bí a bá lẹ̀ ọ̀já mọ́ àwọ̀n yìí, àwọ̀n ni a lẹ̀ ẹ́ mọ́, a kò lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta. Kí a fi gíráńdà lọ àwọ̀n náà kúrò ní gbogbo ibi tí ọ̀já yóò jókòó sí, títí ojú òkúta gan-an yóò fi hàn.

Lẹ́yìn èyí, kí a fọ eruku kúrò, kí a sì sá àwọn òkúta náà títí wọn yóò fi gbẹ dénú, nítorí òkúta tí ó mu omi nígbà gígé kì í gbẹ ní wákàtí kan. Kí a fi aṣọ mímọ́ tí a rẹ sínú acetone nu ojú méjèèjì, kí ọwọ́ má sì tún kàn wọ́n.

Gọ́ọ̀mù méjì ni ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn oníṣẹ́. Èyí àkọ́kọ́ ni polyester, tí ó ki bí òrí, tí a ń fi hádínà díẹ̀ sí, ìdá méjì sí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ń tètè gan, nínú ooru ilẹ̀ wa ó lè má fún ni ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ó ń sunkì díẹ̀, oòrùn a máa pọ́n ọn lójú, omi tí kò dákẹ́ a sì máa tú u. Èkejì ni epoxy, alápá méjì, tí a gbọ́dọ̀ wọ̀n gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ṣe é bá ti kọ ọ́ sára agolo. Kì í yára, ṣùgbọ́n ó ń di òkúta mú ju polyester lọ, kò sì bẹ̀rù omi. Fún imú àtẹ̀gùn, tí bàtà ń gbá láràárọ̀ lálaalẹ́, epoxy ni a fọwọ́ sí. Fún àtẹ̀gùn ìta gbangba, tí òjò ń pa, a kò mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi lo òmíràn. Kí a má rò pé bí a bá fi hádínà kún un ju bó ti yẹ lọ, yóò le sí i. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Gọ́ọ̀mù tí hádínà rẹ̀ pọ̀ jù a máa gan kí a tó tẹ́ ẹ tán, a sì máa ṣẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Kí a bu ìyẹ̀fun òkúta kan náà, tí ó ti gbẹ, sínú gọ́ọ̀mù kí àwọ̀ wọn lè súnmọ́ra. Kí a tẹ́ ẹ sí ojú méjèèjì láìfi àlàfo sílẹ̀, kí a gbé ọ̀já lé e, kí a sì jẹ́ kí etí ọ̀já fi mìlímítà kan tàbí méjì yọ síwájú ju etí ìtẹ̀sẹ̀ lọ, nítorí pé ó rọrùn láti lọ èyí tí ó yọ jù, kò sì sí ohun tí a lè ṣe sí èyí tí ó kúrú. Kí a fi kílámpù dì í ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Gọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ yọ díẹ̀ ní gbogbo etí, ìyẹn ni ẹ̀rí pé ó dé ibi gbogbo. Ṣùgbọ́n kí a má fún kílámpù títí gbogbo rẹ̀ yóò fi sá jáde, kí ojú ìlẹ̀pọ̀ má baà gbẹ láìní gọ́ọ̀mù nínú. Bí ó bá jẹ́ epoxy, kí a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí abẹ kankan tó kàn án.

Imú róbótó

Àwọn onílé fẹ́ràn kí imú yí bìrìpé láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí a bá sì ní kí a sọ òtítọ́, ó ń fani mọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí yóò jẹ́ fún ẹsẹ̀. Imú tí ó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 4, tí a yí bìrìpé, ti sọ sẹ̀ǹtímítà 2 iwájú ìtẹ̀sẹ̀ di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, gẹ́lẹ́ níbi tí ẹni tí ń sọ̀kalẹ̀ ń fi iwájú ẹsẹ̀ tẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà tí a dárúkọ lókè kò gbà kí yíyí imú ju ohun tí ó tó mìlímítà 14 lọ láti àárín òbìrí rẹ̀ dé etí. Àléébù kejì tún wà: nínú imú tí a yí bìrìpé, ojú ìlẹ̀pọ̀ bọ́ sí góńgó rẹ̀ gan-an, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bà lé e tí bàtà sì ń gbá a. Èyí tí a fọwọ́ sí ni kí a yí igun òkè nìkan ní sẹ̀ǹtímítà 1.2, kí àárín imú dúró lóòró kí ojú ìlẹ̀pọ̀ lè wà lórí ibi tí ó tẹ́jú, kí a sì kàn pa igun ìsàlẹ̀ díẹ̀ kí ó má baà ya ẹni tí ń gbá ilẹ̀ lọ́wọ́. Bí onílé bá fi dandan lé e pé bìrìpé ni òun fẹ́, kí a ṣàlàyé fún un; bí kò bá gbà, kí a wá ọ̀nà fi ìlà àìyọ̀ sí i, a ó sọ ọ́ láìpẹ́.

Láti yí igun náà, kí a kọ́kọ́ lọ iwájú ọ̀já àti ti ìtẹ̀sẹ̀ kí wọ́n dọ́gba. Kí a wọn mìlímítà 7 láti igun sẹ́yìn lórí òkè, kí a fa ìlà kan. Kí a tún wọn mìlímítà 7 láti igun sísàlẹ̀ níwájú, kí a fa èkejì. Kí a wá lọ igun náà dànù láti ìlà dé ìlà, ní ìdagẹ̀rẹ̀ tí ó dọ́gba. Ìwọ̀n 7 yìí kì í ṣe àbá lásán: òun ni ìdagẹ̀rẹ̀ tí yóò kàn òbìrí oní-mìlímítà 12 lójú kan ṣoṣo, láìjẹ wọ inú rẹ̀. Ìdagẹ̀rẹ̀ yìí ti dá igun tuntun méjì sílẹ̀. Kí a pa àwọn náà díẹ̀díẹ̀, nígbà náà ni ohun tí ó kù yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òbìrí, páàdì yóò sì parí rẹ̀. Kí a gé pákó pẹlẹbẹ kan gẹ́gẹ́ bí àwòrán imú tí a ń fẹ́, kí a máa gbé e lé òkúta lóòrèkóòrè. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ibẹ̀ ni a ti jẹ jù tàbí tí ó ṣì kù. Gíráńdà kò gbọdọ̀ dúró lójú kan. Láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun ni kí ó máa lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, imú yóò rí kọ́lọkọ̀lọ.

Dídán ni ó kù. Páàdì dáyámọ́ńdì ní nọ́ńbà: 50, 100, 200, 400, 800, 1500, 3000. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Iṣẹ́ páàdì kọ̀ọ̀kan ni láti pa ojú híha tí èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ fi sílẹ̀ rẹ́. Ẹni tí ó bá fo láti 100 sí 800 yóò dán an títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, hàáhàá ti 100 yóò ṣì máa yọjú lábẹ́ dídán. Kí a tó pààrọ̀ páàdì, kí a nu omi kúrò, kí òkúta gbẹ, kí a fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó sí ìmọ́lẹ̀, nítorí omi a máa bo àbùkù.

Òkúta dídán tí omi bá sì bọ́ sí, ewu ni. Kí a tó gbé ìtẹ̀sẹ̀ kúrò lórí tábìlì, kí a la ojú ìlà méjì tàbí mẹ́ta sí i, ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 4 sẹ́yìn imú, kí ìlà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mìlímítà 5, kí ó má sì jìn ju 2 tàbí 3 lọ. Bí a bá fi ọ̀dà tàbí ìlẹ̀mọ́ tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti òkúta kún ojú ìlà wọ̀nyí, àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì yóò rí ibi tí ìpele parí sí. Fún àtẹ̀gùn ìta, kí a má tilẹ̀ dán ojú ìtẹ̀sẹ̀ rárá. Imú nìkan ni kí a dán.

Títẹ́ àtẹ̀gùn

Láti ìsàlẹ̀ ni a ti ń gòkè: ìdúró, lẹ́yìn náà ìtẹ̀sẹ̀ tí yóò gùn ún lórí, bẹ́ẹ̀ títí dé òkè. Kí a kọ gíga gbogbo ìpele sára ọ̀pá kan, kí a gbé ọ̀pá náà ti ògiri, kí a máa yẹ ìpele kọ̀ọ̀kan wò sí i. Ẹni tí ó bá ń wọn ìpele kan láti ara èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ yóò kó àṣìṣe mìlímítà kéékèèké jọ di ńlá kí ó tó dé òkè.

Kí a gbọn kọnkéré mọ́, kí a fi omi rin ín láìjẹ́ kí omi dúró lórí rẹ̀. Kí a po yanrìn mímọ́ mẹ́rin mọ́ sìmẹ́ǹtì kan, kí ó má ṣàn. Bí a bá di í lẹ́kùúnwọ́, kí ó dì, kí ó má sì fi omi sí ọwọ́. Fún mábù funfun, sìmẹ́ǹtì funfun ni kí a lò, kí àbàwọ́n má baà gba abẹ́ yọ sókè. Kí a tẹ́ ìtẹ́ náà kún gbogbo abẹ́ òkúta, kí a sì fi sìmẹ́ǹtì àti omi nìkan, tí ó ki, ra ẹ̀yìn òkúta kí a tó gbé e lé e. Ìdí tí a fi tẹnu mọ́ èyí ni pé àwọn oníṣẹ́ kan a máa ya sìmẹ́ǹtì ní ṣókí ṣókí márùn-ún, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan àti ọ̀kan láàárín, kí iṣẹ́ lè yá. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Gbogbo àlàfo tí ó wà láàárín ṣókí wọ̀nyí, àlàfo ni yóò máa jẹ́. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá gbé àpò ìrẹsì kọjá, tàbí tí wọ́n bá ń gbé fíríìjì gòkè, ibẹ̀ ni òkúta yóò ti kán, wọn yóò sì ní òkúta náà kò dára.

Kí a fi òòlù onírọ́bà lù ú jẹ́jẹ́ títí lẹ́fẹ́ẹ̀lì yóò fi gún. Àtẹ̀gùn inú ilé yóò tẹ́jú. Ti ìta yóò tẹ síwájú ní mìlímítà 3, kí omi òjò lè ṣàn lọ. Láàárín ìtẹ̀sẹ̀ àti ògiri, kí a fi mìlímítà 2 sí 3 sílẹ̀, kí a sì fi silicone dí i, kí a má fi sìmẹ́ǹtì dí i, nítorí òkúta àti ògiri kì í gbóná ní ìwọ̀n kan náà. Kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni má kàn án fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn èyí, kí a fi owó ẹyọ kan lu ojú ìtẹ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti òsì dé ọ̀tún: ibi tí ó bá dún òfìfo, kí a tú u nísinsìnyí tí sìmẹ́ǹtì kò tíì le tán.

Bí àwọn oníṣẹ́ mìíràn bá ṣì kù nínú ilé, kí a fi pákó pẹlẹbẹ bo gbogbo ìtẹ̀sẹ̀ àti imú wọn, nítorí páìpù onípọ́ńbà kan tí ó bọ́ lọ́wọ́ lè ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan jẹ́. Ọṣẹ tí kò kan àti omi ni kí onílé máa fi nù ún. Kí a kìlọ̀ fún un pé ásíìdì tí àwọn onítáìsì fi ń fọ sìmẹ́ǹtì kò gbọdọ̀ dé ibi tí mábù wà. Kí a tún gé ìtẹ̀sẹ̀ kan tàbí méjì sílẹ̀ lára sílábù kan náà, tí a ti lẹ̀, tí a sì ti yí imú wọn, kí onílé fi wọ́n pamọ́, nítorí ẹni tí ó bá lọ wá irú òkúta kan náà lọ́jà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta kì í sábà rí i. Bí imú kan bá ṣẹ́ díẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, kí a po epoxy mọ́ ìyẹ̀fun òkúta náà, kí a fi dí i, kí a sì fi páàdì dán an láti 200 dé 3000. Bí ibi tí ó ṣẹ́ bá fẹ̀ ju àtàǹpàkò lọ, kí a tú ìtẹ̀sẹ̀ náà, kí a sì fi èyí tí ó wà nípamọ́ rọ́pò rẹ̀.